Okùn Ayélujára tí A Rì Mọ́lẹ̀ ní Ìtún-Ọ̀pẹ

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá bá mi níwájú ilé mi ní Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàgámù níbí, pé kí n sọ fún wọn bóyá iṣẹ́ okùn ayélujára dára láti kọ́. Àwọn mìíràn ti máa ń wọ ẹ̀wù tí orúkọ ilé-iṣẹ́ wà láyà rẹ̀ kí wọ́n tó gba iṣẹ́ rárá. Mo máa ń fún wọn ní àga, mo sì máa ń sọ pé iṣẹ́ náà kò burú. Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á lọ. Ohun tí mo ń kọ yìí ni èyí tí n kì í ráyè sọ tán, nítorí pé kí n tó dé ìdajì ọ̀rọ̀, wọ́n ti ń wo fóònù.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe: mo ń fa okùn lọ sí abúlé. Okùn ń yí padà, abúlé kì í yí padà. Nínú gbogbo ibi tí mo fa okùn dé nílẹ̀ Rẹ́mọ, ọ̀kan ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ìtún-Ọ̀pẹ ni, ó wà ní ẹ̀yìn Simawa. Bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó ń fẹ́ rí ojú ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà lókè òkun, ọmọ náà sì ń fẹ́ rí ojú bàbá rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí ìyẹn ni a ṣe kó ọkọ̀, ẹ̀rọ àti àwọn oníwèé-ẹ̀rí dé ibẹ̀, bí a bá yọ ọ̀rọ̀ dídùn tí wọ́n kọ sára pátákó kúrò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo jáde yunifásítì pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí físíìsì. Ìyá mi, tó ń ta obì, fi ìwé náà sínú férémù, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀, ẹni tó bá wá ra obì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí i kú oríire kó tó dórí ọ̀rọ̀ iye. Bí mo ṣe wọ ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba kò nira láti sọ: ẹnì kan mọ ẹnì kan. Ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀, kí inú má baà bí ẹni tó ti kú. Wọ́n fi mí sábẹ́ Bàbá Ṣófowórà, ọ̀gá àwọn tó ń so wáyà.

Bàbá Ṣófowórà kúrú, ó sì gbà pé gbogbo ẹni tó bá ga ju òun lọ ń fi gíga ṣe àfojúdi sí òun ni. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìwọ ni wọ́n ní o kàwé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí lo kà?"

"Físíìsì, sà."

"Ṣé òpó wà nínú rẹ̀?"

Mo ní kò sí.

"Ó dáa. Òpó rèé. Gùn ún."

Igi ni òpó nígbà náà. Bàtà onírin tó ní èékánná ni a fi ń gùn ún, bí ológbò. Mo gùn ún dé àárín, mo sì dì mọ́ igi náà bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ já lẹ́nu ọmú. Bàbá Ṣófowórà jókòó sórí àpótí irinṣẹ́, ó ń gé èékánná ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó gé e tán ló gbójú sókè: "Ìwọ tó wà lókè yẹn, ṣé o ti dé ni àbí o ṣì ń bọ̀?"

Ìlú obì ni Ṣàgámù, ẹlòmíràn kì í mumi kó tó fi obì kan ẹnu. Ṣùgbọ́n lábẹ́ Bàbá Ṣófowórà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jẹ obì nídìí wáyà. Ó ní èémí obì máa ń ba wáyà kọ́pà jẹ́. Físíìsì kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un pé físíìsì kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó fi mí sídìí gbígbẹ́ kòtò fún òpó títí tí òjò fi dá lọ́dún yẹn, tí mo fi gbà pé èémí obì burú jáì.

Àwọ̀ wáyà ni a ń kà láràárọ̀ bí ọmọ iléèwé kéwú: funfun-búlúù, funfun-ọsàn, funfun-ewé. Tí o bá so wáyà tán, yóò fi eyín fa ojú ibi tí o ti so ó. Tí ọ̀kan bá já, yóò gé gbogbo èyí tí o so láti àárọ̀ dànù, àti èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Ó ṣe é fún mi ní Ìkẹ́nnẹ́ lójú àwọn ọmọ iléèwé, mo sì sunkún lórí òpó. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, mo bi í pé, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ gé èyí tó dára mọ́ ọn?"

Ó ní, "Ẹni tó bá ń pe ìyá rẹ̀ tí kò wọlé, ṣé ó máa mọ̀ pé ọ̀kan péré ló já? Ohun tó mọ̀ ni pé ìyá òun kò dá òun lóhùn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ẹ má ṣe rò pé ọlọ́gbọ́n ni bàbá náà ní gbogbo ìgbà o. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé, a kó ara wa jọ ká bi í pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí wa. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́. "Fóònù tí kò ní okùn? Àdúrà nìyẹn. Àdúrà kì í sì í ní kọsítọ́mà." Kò pẹ́ tí àwọn kan fi ń gbẹ́ wáyà wa nínú ilẹ̀, tí wọ́n ń gbé e lọ yọ́ tà. Àwọn tó yẹ kó ṣọ́ ọ wà lára wọn. Ọ́fíìsì ṣófo. Gbogbo wa wá iṣẹ́ lọ, Bàbá Ṣófowórà nìkan ló kù, tó ń fi àkísà nu tẹlifóònù dúdú orí tábìlì rẹ̀. Ìgbà tí mo lọ kí i gbẹ̀yìn, ó gbé e sétí, ó tẹ́tí sílẹ̀, ó ní, "Ó ti ń bọ̀." Ó kú kó tó dé.

Èmi ti bá àwọn onímáàsì lọ. Òpó irin gíga ni máàsì, ó sì yẹ kó máa gbé ayélujára dé inú oko. Àwọn ará abúlé ń bẹ̀rù pé yóò jẹ́ kí òdòdó igi obì máa rẹ̀ dànù. Òdòdó kankan kò rẹ̀ dànù, nítorí pé máàsì náà kì í sábà ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ọ̀kan, Ọnọrébù kan wá gé ríbọ́ọ̀nù. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, àwọn àgbẹ̀ yóò máa jókòó sórí ebè ta ẹ̀gẹ́ wọn fún ará Ṣáínà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Inú ọkọ̀ kan lẹ́yìn kánópì ni jẹnẹrétọ̀ tó ń fún máàsì náà níná wà. Nígbà tí Ọnọrébù lọ, ọkọ̀ náà tẹ̀ lé e. Ayélujára bá wọn lọ. Ọgbà onírin tí wọ́n fi yí máàsì ká wúlò ṣá: orí rẹ̀ ni wọ́n ń sá aṣọ sí.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Fáíbà ló dé lẹ́yìn máàsì: okùn onígíláàsì tó tín-ín-rín bí irun orí, tí ìmọ́lẹ̀ ń sáré gba inú rẹ̀. Eyín kò wúlò fún un, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ẹ̀rọ náà sì máa ń sọ fún ọ fúnra rẹ̀ bóyá o ṣe é dáadáa, láìbú ọ. Mo ti dàgbà nígbà náà. Wọ́n sọ mí di Olùdámọ̀ràn Àgbà lórí Ìbáṣepọ̀ Àwùjọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èmi ni mo ń dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà abúlé kí katakátà tó ń gbẹ́lẹ̀ tó dé. Ọ̀gá mi ni Ẹnjiníà Dọ̀tun, tó kéré sí àbígbẹ̀yìn mi. Ọmọ dáadáa ni, àfi pé kì í ṣí akoto orí rẹ̀ àní tó bá ń jẹun, kò sì lè pe kòtò ní kòtò.

Báyìí ni a ṣe dé Ìtún-Ọ̀pẹ. Ọ̀nà inú abúlé náà há, ilé sún mọ́ra lọ́tùn-ún lósì, gọ́tà wà láàárín. Ibi kan ṣoṣo tí okùn lè gbà kọjá ni àgbàlá Alhaji Káṣìmáawò.

Oníṣòwò obì ni Alhaji láyé ọjọ́un, tó ń kó obì lọ sí òkè Ọya. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó sì sin ín sínú àgbàlá, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe. Múfú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ló ń tọ́jú rẹ̀. Sẹ̀kínátù, àkọ́bí rẹ̀, ń ṣe nọ́ọ̀sì lókè òkun. Ìwé tí yóò fi lè jáde kó sì tún wọlé kò tíì bọ́ sí i lọ́wọ́, ọdún sì ń gorí ọdún. Tí Alhaji bá fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, àfi kí Múfú tì í lẹ́yìn gun òkìtì ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, nítorí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà.

Ó sọ fún mi pé, "Oníwáyà, ojú lọ̀rọ̀ wà. Gbogbo ìgbà tó bá pè, ó ní àlàáfíà lòun wà. Èmi náà á ní àlàáfíà ni mo wà. Irọ́ la jọ ń pa. Ẹ jẹ́ kí n rí ojú rẹ̀, màá mọ̀ bóyá ó ń jẹun."

Dọ̀tun gbé tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jáde. "Alhaji, sà, a fẹ́ ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní kọ́lé sí láéláé. Kí ẹnì kan má lọ gbẹ́ ìpìlẹ̀ lọ́la kó gé okùn wa."

Alhaji ronú díẹ̀. Ó dìde, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ ilẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ sàréè ìyàwó rẹ̀, sí àlàfo tó wà láàárín sàréè náà àti ògiri ọgbà. "Ibí yìí. Ẹnikẹ́ni kò ní kọ́lé síbí."

"Ó dá yín lójú, sà?"

"Ó dá mi lójú ju ohun gbogbo lọ."

Inú Dọ̀tun dùn. Ó kọ ọ́ sínú tábúlẹ́ẹ̀tì pé ọ̀nà tó ní ààbò títí ayé ni. Gbogbo wa tó dúró níbẹ̀, ọmọ Yorùbá ni wá. Ta ni nínú wa tí kò mọ ẹni tí àlàfo ẹ̀gbẹ́ sàréè ìyàwó ń dúró dè? Ṣùgbọ́n ta ni yóò wo ojú àgbàlagbà tó wà láàyè, kó sì bi í pé, "Bàbá, ṣé kì í ṣe ibi tí wọn yóò sin yín sí nìyí?" Ní ibi tí wọ́n ti tọ́ wa dàgbà, èpè nìyẹn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a gbẹ́ ilẹ̀, a tẹ́ okùn, a bò ó.

Ó sì ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn pẹ̀lú. Ní ọjọ́ tí ojú Sẹ̀kínátù kọ́kọ́ yọ lórí fóònù Múfú, Alhaji kò kí i. Ó gba fóònù, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó wò ó títí tí ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí pariwo pé, "Bàbá mi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ ọ. O ti rù."

"Mi ò rù, Bàbá. Bí wọ́n ṣe ń rí níbí nìyí."

"Mo ní o ti rù, Sẹ̀kí. Kí lo jẹ lónìí?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún. Múfú kọjú sí ògiri. Dọ̀tun ṣí akoto rẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí ara wọn lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí àìsàn dé bá Alhaji, Sẹ̀kínátù ń wò ó láti ọ̀hún, ó ń sọ oògùn tí Múfú yóò rà ní Ṣàgámù, ó ń ní kí wọ́n gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Alhaji dákẹ́.

Múfú pè mí láti orí òkìtì. Mo rò pé ikú ló fẹ́ túfọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá Oníwáyà, wọ́n ń gbẹ́ sàréè. Mo gbé fóònù dání kí ẹ̀gbọ́n mi lè máa wò. Bí ọkọ́ kan ṣe wọlẹ̀ báyìí, fídíò náà dúró gbagidi. Ojú ẹ̀gbọ́n mi dúró síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó lóun fẹ́ rí Bàbá kí wọ́n tó bò wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀."

Èmi àti Dọ̀tun gbé ẹ̀rọ tó ń lẹ fáíbà, a sáré lọ. Wọ́n ti gbẹ́ sàréè tán nígbà tí a dé. Ẹnu okùn kan yọ jáde lára ògiri sàréè lápá ibi orí, èkejì yọ lápá ibi ẹsẹ̀, bí ìka méjì tó ń na ara wọn tí wọn kò lè kanra. Agbaṣẹ́ṣe tó tẹ́ ẹ ti fà á le bí okùn aṣọ, kò fi ibi tó dẹ̀ kankan sílẹ̀ tí a lè fà. Okùn tuntun ni a óò lò láti fi so méjèèjì, Èkó ni okùn tuntun náà wà, ojú sàréè ni yóò sì gbà kọjá.

Múfú bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo ẹnu okùn náà. "Bàbá mọ̀ o. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ tí ẹ lọ. Mo ní, 'Bàbá, ṣé kì í ṣe àyè yín lẹ fún wọn yẹn?' Wọ́n ní kí n fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ní okùn náà kò ní yọ àwọn lẹ́nu, pé tí àwọn bá sùn síbẹ̀, ọ̀rọ̀ Sẹ̀kí ni yóò máa gba ẹ̀gbẹ́ àwọn kọjá."

Alhaji ti ro ara rẹ̀ mọ́ ọn. Ọkọ́ tí yóò gbẹ́ sàréè ni kò rò mọ́ ọn.

Àfáà ti dé, wọ́n ti wẹ òkú, wọ́n ti dì í sínú aṣọ funfun. Sẹ̀kínátù ń pe fóònù tí Múfú fi sọ́wọ́ àwọn ọmọ abúlé lórí òkìtì, àwọn ọmọ náà ń kígbe sí wa látòkè pé ó ní kí wọ́n dúró, kí wọ́n ṣáà dúró. Àfáà wo oòrùn, ó wo èmi àti Dọ̀tun.

"Ẹ̀yin ẹlẹ́rọ, òkú kì í dúró. Ṣé yóò ṣiṣẹ́ kó tó di àsìkò ìrun?"

Dọ̀tun la ẹnu. "Àfáà, sà, a ti fi ọ̀rọ̀ náà tó ẹ̀ka tó ń bójú tó ìmúbọ̀sípò létí, ìlànà sì ti..."

"Ẹnjiníà," mo ní, "dákẹ́." Mo yíjú sí Àfáà. "Kò ní ṣiṣẹ́ lónìí."

Wọ́n kírun sí i lára. Múfú ni yóò wọ inú sàréè gba bàbá rẹ̀, nítorí náà ó bẹ̀ mí kí n lọ dá ẹ̀gbọ́n òun lóhùn. Mo gun òkìtì. Láti ibẹ̀, mo ń rí inú àgbàlá náà kedere.

"Bàbá Oníwáyà ni," mo ní.

"Ẹ káàsán, sà. Ṣé ẹ ń rí ojú wọn?"

"Wọ́n ti dì wọ́n tán, ọmọ mi. Aṣọ funfun ni mò ń rí."

"Ẹ máa sọ ohun tí ẹ bá ń rí."

Mo ń sọ ọ́. Mo ní wọ́n ti gbé wọn súnmọ́ etí sàréè. Mo ní Múfú ti wọlé, ó ti na ọwọ́. Mo ní wọ́n ti kọjú wọn síbi tó yẹ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, ó ń bọ̀. Mo ní wọ́n ti to pákó. Mo ní Àfáà ti bu ilẹ̀ àkọ́kọ́.

"Kí lẹ wí, sà? Mi ò gbọ́."

"Wọ́n ti ń da ilẹ̀ bò wọ́n."

"Ẹ jọ̀ọ́, ó ń já. Ẹ tún un sọ."

"Mo ní wọ́n ti ń da ilẹ̀ bò wọ́n!"

"Sà?"

Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu mi mọ́ fóònù, mo sì ké e bí ẹni tó ń lé ẹyẹ lóko: "ILẸ̀! WỌ́N TI Ń DA ILẸ̀ BÒ WỌ́N!" Gbogbo àgbàlá náà gbójú sókè wò mí. Ẹni tó mú ṣọ́bìrì dúró. Ìgbà náà ló tó gbọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí mo fi fẹ̀yìntì. Wọ́n fún mi ní àwo gíláàsì kan tí wọ́n kọ orúkọ mi sí lódì. Ilé-iṣẹ́ fẹ́ fa okùn náà gba orí sàréè kọjá, Múfú ní àfi kí wọ́n kọ́kọ́ pa òun. Ọ̀nà mìíràn kò sí, wọ́n sì kó ẹ̀rọ wọn lọ sí Ìlíṣàn, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ayélujára wo bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí léèrè, ẹ kọ́ iṣẹ́ náà bó bá wù yín. Ẹ ó rí oúnjẹ jẹ. Ẹ ó so ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè tí ìtìjú kò jẹ́ kí a bi Alhaji. Bó bá bínú, ẹ dọ̀bálẹ̀. Inú bíbí àgbàlagbà máa ń tán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Sẹ̀kínátù pè mí. Ilé-iṣẹ́ ti gbé máàpù kan jáde sórí ayélujára, pé kí ayé wá wo gbogbo abúlé Rẹ́mọ tí àwọn ti tan iná ayélujára sí. Àmì àwọ̀ ewé wà lórí Ìtún-Ọ̀pẹ.

"Mo rí i lónìí, sà," ó ní. Ayọ̀ wà nínú ohùn rẹ̀. "Wọ́n ní ayélujára ti padà. Mo fẹ́ kí Múfú gbé fóònù dé ojú sàréè Bàbá kí n lè rí i. Mo ti ń pè é lórí fídíò láti àárọ̀, kò wọlé. Àbí fóònù mi ló bàjẹ́ ni?"

Mo ní kò sí ohun tó ṣe fóònù rẹ̀.